Ìtọ́jú Tí Kò Kárí

Orúkọ dídùn ni Ire-Àkárí, àdúgbò kan ní Ìsọlọ̀, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ire tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ náà ni ètò adójútòfò ìlera: kí ẹni tí ara rẹ̀ le dá owó sílẹ̀, kí ẹni tí àìsàn kọlù lè rí nǹkan gbá mú. Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù lọ́dún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ará Nàìjíríà. Gómìnà Babajide Sanwo-Olu pàṣẹ bákan náà ní Èkó lọ́dún 2024.

Ṣùgbọ́n ibi tí owó bá mọ ni ìtọ́jú ń mọ. Ẹ wo fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni òdiwọ̀n tó ti wà nínú ètò ìjọba àpapọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá sì sábà máa ń nílò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, òdiwọ̀n ti pé. Ẹbí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀.

Ṣé ìwà ìkà ni òdiwọ̀n yìí? Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Owó tí wọ́n fi fọ ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan fún ọdún kan lè mú kí ọ̀pọ̀ aboyún sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, tó dá NHS sílẹ̀ lọ́dún 1948, ń díwọ̀n. Láti ọdún 1999 ni àjọ NICE ti ń gbé iye owó oògùn sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú àǹfààní rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n ń kọ ìdí ìpinnu wọn síta, aráàlú sì lè takò ó.

Ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe nìyẹn. Kí wọ́n lẹ àkójọ àìsàn tí owó náà kárí, àti èyí tí kò kárí, mọ́ ara ògiri ilé ìwòsàn gbogbo, ní èdè Yorùbá, kí oníṣòwò àti awakọ̀ lè mọ̀ kí wọ́n tó sanwó. Kí ìjọba sì rántí ìlérí Àbújá ọdún 2001, pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná yóò lọ sí ètò ìlera.

Àparò kan kò ga jùkan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Ní ilé ìwòsàn, owó ni ebè náà. Bí ìjọba kò bá pín ìtọ́jú ní gbangba, owó ni yóò máa pín in ní ìkọ̀kọ̀.