Arsenal: Ọdún mẹ́sàn-án láìgba ife, ṣé ìṣọ́wóná ni àbí ahun?

Kò sí bá a ṣe máa ṣí fóònù sílẹ̀ lórí ètò eré ìdárayá tí olólùfẹ́ Arsenal kan ò ní wọlé. Bí ẹgbẹ́ náà bá ti pàdánù, ohun kan náà lẹ máa gbọ́: “Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n náwó! Kí ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí?” Ẹlòmíì á pè, á ní: “Ẹ rọra o, ṣé ẹ ti gbàgbé Leeds ni?” Àwọn méjèèjì ló ní òótọ́ lẹ́nu. Ohun tó yẹ ká wò ni ìgbà tí òótọ́ kálukú wọn bá wúlò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ṣì dùn. Lọ́dún 1997, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí Arsene Wenger dé, Arsenal ra Nicolas Anelka ní £500,000 péré. Nígbà tó fi máa di 1999, nǹkan bíi mílíọ̀nù 23 pọ́n-ùn ni Real Madrid san lórí ọmọ náà. Nǹkan bí ìdajì owó yẹn ni wọ́n fi ra Thierry Henry, wọ́n sì rí owó fi sí ibùdó ìgbaradì tuntun tí wọ́n kọ́ sí London Colney. Ẹ̀ báà jẹ́ oníṣòwò, ẹ ò lè rí èrè tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní sáà 2003/04, Arsenal gba líìgì láìpàdánù ẹyọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan nínú 38. Wọ́n borí nínú 26, wọ́n gba ọ̀mì 12. Kanu Nwankwo tiwa wà nínú ẹgbẹ́ yẹn.

Gbèsè pápá

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ ni pé pápá Highbury kéré. Èèyàn bí 38,000 péré ló ń gbà, bẹ́ẹ̀ owó tíkẹ́ẹ̀tì tí Manchester United ń pa ní Old Trafford pọ̀ ju tiwọn lọ fíìfíì. Arsenal pinnu láti kọ́ pápá tuntun tó ń gba èèyàn 60,000. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 390 pọ́n-ùn ni gbogbo rẹ̀ ná wọn, wọ́n sì yá mílíọ̀nù 260 nínú rẹ̀ lọ́wọ́ báǹkì. Ọdún 2006 ni wọ́n kó wọ Emirates.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dojú rú ni pé ayé ò dúró dè wọ́n. Lọ́dún 2003, Roman Abramovich ti ra Chelsea. Lọ́dún 2008, àwọn olówó Abu Dhabi ra Manchester City. Ìgbà tí Arsenal ń ka owó bíríkì àti sìmẹ́ńtì ni àwọn yìí ń ná owó tí kò ti orí pápá wá.

Ẹni tó jẹ gbèsè gbọ́dọ̀ máa rówó wọlé lọ́dọọdún. Ọ̀nà tí Arsenal rí ni pé kí wọ́n máà kúrò nínú àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́, kí owó Champions League lè máa wọlé, kí wọ́n sì máa ta agbábọ́ọ̀lù. Emmanuel Adebayor, ọmọ Tógò tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, lọ sí Manchester City lọ́dún 2009. Cesc Fabregas àti Samir Nasri lọ ní 2011. Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn náà ni Manchester United fi ayò mẹ́jọ sí méjì na Arsenal. Ó tún di 2012, Robin van Persie gba ọ̀dọ̀ Manchester United yẹn kan náà lọ ní mílíọ̀nù 24 pọ́n-ùn. Góòlù 26 ló gbá sáwọ̀n nínú líìgì, United sì gba ife. Ta ni ò ní bínú?

Láti FA Cup ọdún 2005 títí di ti ọdún 2014, Arsenal ò fọwọ́ kan ife. Síbẹ̀, wọn ò jábọ́ nínú mẹ́rin àkọ́kọ́ rí láàárín àkókò yẹn, wọ́n sì ń san gbèsè wọn. Lójú tèmi, ìṣọ́wóná gidi nìyẹn. Kò dùn, àmọ́ ó ní ìdí.

Ẹni tó bá ní kò ní ìdí, kó wo Leeds United. Àwọn yá mílíọ̀nù 60 pọ́n-ùn, wọ́n fi owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ iwájú dúró. Wọ́n dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá Champions League lọ́dún 2001. Nígbà tí wọn ò rí ọ̀nà padà sí ìdíje náà, owó tí wọ́n ti ń fọkàn sí ò wọlé mọ́. Wọ́n ta àwọn agbábọ́ọ̀lù, wọ́n ta pápá, wọ́n já sílẹ̀ ní 2004, wọ́n sì bá ara wọn ní ìpele kẹta ní 2007. Ọdún 2020 ni wọ́n tó padà sí Premier League. Oúnjẹ ọ̀la ni wọ́n jẹ mọ́ tòní.

Ìgbà tí ọgbọ́n di ahun

Àmọ́ àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè èèmíì. Nígbà tó fi máa di 2013, ọrùn Arsenal ti ń tú. Owó àwọn onígbọ̀wọ́ ti gbé pẹ́ẹ́lí, wọ́n ra Mesut Özil ní mílíọ̀nù 42.5 pọ́n-ùn, wọ́n sì gba FA Cup ní 2014 àti 2015.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 2015. Ìwé ìṣirò owó wọn fi hàn pé owó tó lé ní mílíọ̀nù 200 pọ́n-ùn wà nílẹ̀. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n lè ná, torí apá kan jẹ́ ti gbèsè, apá kan jẹ́ ti ìnáwó sáà tó ń bọ̀. Síbẹ̀, Petr Cech tó jẹ́ aṣọ́lé nìkan ni wọ́n rà kún ẹgbẹ́ àgbà. Sáà yẹn gan-an ni Chelsea, Manchester City àti United kọsẹ̀ pọ̀. Ta ló gba líìgì? Leicester City! Arsenal ṣe ipò kejì, àmì mẹ́wàá ló wà láàárín wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti yapa sí àwọn tó ń gbèjà Wenger lórí gbogbo nǹkan. Bí èèyàn bá fi ọdún mẹ́ta múra wèrè, ọjọ́ wo ni yóò bunijẹ? Ìdí tí wọ́n fi ní káwọn olólùfẹ́ wọn ní sùúrù nígbà gbèsè ni pé ọjọ́ ìnáwó ń bọ̀. Ọjọ́ náà dé, ọwọ́ wọn ò kúrò lápò.

Ìnáwó lásán náà ò sì jẹ́ nǹkan. Lọ́dún 2019, Arsenal kéde Nicolas Pepe ní mílíọ̀nù 72 pọ́n-ùn. Lọ́dún 2023, ó kúrò láìsí kọ́bọ̀ kan tó wọlé lórí ẹ̀. Ní sáà 2023/24, wọ́n yọ àmì mẹ́jọ lápapọ̀ lọ́wọ́ Everton, torí pé àdánù wọn kọjá ohun tí òfin ìnáwó líìgì gbà.

Ohun tó mú Arsenal padà sókè lábẹ́ Mikel Arteta ni pé wọ́n da méjèèjì pọ̀. Bukayo Saka, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London, dàgbà nílé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù wọn ní Hale End, wọn ò san owó ìrà kankan lórí ẹ̀. Owó tí irú rẹ̀ ì bá ná wọn wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè na mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn àti lé sórí Declan Rice ní 2023. Síbẹ̀, ipò kejì ni wọ́n ṣe ní 2023, 2024 àti 2025. Ìyẹn ni pé ètò owó tó dáa máa ń gbé ẹgbẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ni, ṣùgbọ́n kì í bá a wọlé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pè wá, ẹ má kàn bi wá pé èló ni wọ́n ná mọ́. Ẹ bi wá pé: kí ni wọ́n ń tọ́jú owó dè, ọjọ́ wo sì ni wọn yóò ná an? Ẹgbẹ́ tó bá lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì, ẹ bá wọn ṣe sùúrù. Èyí tí kò bá lè dáhùn ìkejì, ẹ pariwo lé e lórí. Owó tíkẹ́ẹ̀tì, owó jẹ́sì, àti owó tá à ń san nílé ìwòran lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń tọ́jú.