Ẹ Wo Ìdí Kóńgò Kí Ẹ Tó Sanwó Iná

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ owó iná mànàmáná ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ olóṣèlú nìkan, kì í sì í ṣe ti ọkùnrin nìkan. Ta ni ó ń ta omi tútù? Ta ni ó ń ta ẹja inú yìnyín? Ta ni ó ń lọ ata, tí ó ń rán aṣọ, tí ó ń ṣe irun? Ẹ̀yin ìyá ni. Bí owó iná bá gbéra, ọ̀dọ̀ yín ni ó ń kọ́kọ́ dé.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ẹ bá dé ọjà, tí ìyá onígàrí sọ pé owó kóńgò ti lé, kí ni ẹ máa ń ṣe? Ẹ óò ná an. Ẹ óò bi í pé kí ló fà á. Ẹ óò sì yọjú wo inú kóńgò náà, bóyá wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, tàbí wọ́n ti fi nǹkan dí i nísàlẹ̀. Kò sí ìyá tí yóò san owó kóńgò kíkún fún kóńgò àbọ̀ kí ó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ní ti iná, ọ̀pọ̀ wa ń sanwó láì wo ìdí kóńgò. Ìgbà tí owó bá ti lé tán ni a ń pariwo. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí nìyí: àfikún owó iná kì í ṣe òjò tí ń rọ̀ láti ojú ọ̀run. Ènìyàn ni ó ń ṣírò rẹ̀, òfin sì fún wa láyè láti sọ̀rọ̀ sí i kí wọ́n tó gbé e lé wa lórí.

Ẹ̀yin àgbà rántí NEPA, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1972. Ní ọdún 2005 ó di PHCN. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún 2013 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni 11 lọ́wọ́, olúkúlùkù pẹ̀lú ilẹ̀ tirẹ̀. Níbí ni ọ̀rọ̀ wà. Bí gàrí ìyá kan bá wọ́n jù, ẹ óò kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ṣùgbọ́n bí owó iná bá wọ́n jù, ìsọ̀ wo ni ẹ óò lọ? Oníṣòwò kan ṣoṣo ni ó wà ní ọjà yìí. Nítorí náà ni òfin ṣe fi alábòójútó sí i, ìyẹn àjọ NERC, kí oníṣòwò má lè dá iye lé ọjà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n alábòójútó tí ará ìlú kò bá sọ̀rọ̀ sí létí, ẹnu oníṣòwò nìkan ni yóò máa gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún 2024. Oṣù Ramadan ni, ó ku ọjọ́ méje kí a ṣe Ìtúnu Àwẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Épírì, NERC kéde pé àwọn tí ó wà ní Báńdì A yóò máa san 225 náírà lórí yúnìtì kan. 68 náírà ni wọ́n ń san tẹ́lẹ̀. Ìyá tí ń lo 100 yúnìtì lóṣù, tí ó ń san 6,800 náírà, bá ara rẹ̀ ní 22,500 náírà. Ariwo ta káàkiri. Nínú oṣù Méè wọ́n dín in kù sí 206.80 náírà, wọ́n ní nítorí pé náírà lágbára díẹ̀ sí i níwájú dọ́là ni. Nínú oṣù Júláì ó tún gòkè sí 209.50.

Kí ni ń jẹ́ Báńdì? Láti oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 2020 ni wọ́n ti ń pín wa sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí iye wákàtí iná tí a ó máa rí lójúmọ́. Báńdì A, ó kéré tán, wákàtí 20. Báńdì B, wákàtí 16. Báńdì C, wákàtí 12. Báńdì D, wákàtí 8. Báńdì E, wákàtí 4. Kóńgò yín nìyẹn. Ẹni tí ó ń san owó Báńdì A, wákàtí 20 ni ó rà. Bí ó bá jẹ́ wákàtí 11 ni ó ń rí, a ti tẹ ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Súrà kan wà nínú Àlùkùránì, ìkẹtàlélọ́gọ́rin, tí ó ń jẹ́ orúkọ àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lọ́dọ̀ wa.

Àṣẹ tí NERC fi gbé owó náà sókè ní ọdún 2024 kò gbàgbé ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Ó ní bí ilé-iṣẹ́ kò bá lè fún àdúgbò Báńdì A ní iye wákàtí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì léraléra, kí ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní gbangba. Bí ó bá di ọjọ́ méje léraléra, kí wọ́n já àdúgbò náà sílẹ̀ sí Báńdì tí wákàtí rẹ̀ bá mu, kí owó náà sì bá a sọ̀kalẹ̀. Nínú oṣù Épírì yẹn kan náà, NERC bu 200 mílíọ̀nù náírà ìtanràn fún ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná ní Abúja, nítorí pé ó gba owó Báńdì A lọ́wọ́ àwọn tí kò sí ní Báńdì A, ó sì ní kí wọ́n dá owó olówó padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá, ta ni yóò mọ̀ pé ọjọ́ méje ti pé bí kò bá sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀?

Nísinsìnyí, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò owó náà? Nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ máa bi wọ́n léèrè. Èkíní, gáàsì tí a fi ń ṣe iná, dọ́là ni a fi ń dá iye lé e. Èkejì, iye náírà tí a fi ń ra dọ́là kan. Ẹ̀kẹta, bí ọjà gbogbo ṣe ń wọ́n sí i. Ẹ̀kẹrin, òfò: iná tí ó ń ṣòfò lójú ọ̀nà, iná tí wọ́n ń jí, àti owó tí ilé-iṣẹ́ kò rí gbà. Òfin gbà wọ́n láyè láti ka òfò yìí dé ìwọ̀n kan sínú owó tí àwa tí ń sanwó ń san. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ la ojú sí. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá tún wáyà tí ó ń jó ṣe, tí kò fi mítà síta, ǹjẹ́ ó yẹ kí ó gbé òfò náà lé ẹni tí ń sanwó déédéé lórí?

Ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé kò sí ohun tí ará ìlú lè ṣe. Òfin iná ti ọdún 2005, tí a ń lò nígbà náà, sọ pé kí wọ́n tó yí ọ̀nà ìṣirò owó padà, wọ́n gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀, kí wọ́n sì fún ènìyàn láyè láti tako ó. Ní ọdún 2015, agbẹjọ́rò kan, Toluwani Adebiyi, gbé NERC lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó. Bí ẹjọ́ ti ń lọ lọ́wọ́, owó lé ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 2016. Ní ọjọ́ 13 oṣù Júláì ọdún náà, Adájọ́ Mohammed Idris sọ pé àfikún náà, nǹkan bí náírà 45 lórí 100, kò bá òfin mu. Ṣùgbọ́n NERC pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, owó náà kò sì sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjì ni èyí kọ́ wa. Òfin wà lẹ́yìn ará ìlú. Ṣùgbọ́n ó sàn kí a sọ̀rọ̀ kí owó tó lé ju kí a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Ní oṣù Júláì ọdún 2023, àwọn ilé-iṣẹ́ 11 náà tọrọ àfikún. NERC kéde rẹ̀, ó ní kí ará ìlú kọ èrò wọn ránṣẹ́, ó sì pe ìpàdé ìta gbangba. Mo bi yín o, ta ni ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ fún ìyá tí ń ta omi tútù?

Inú mi dùn pé ilẹ̀kùn náà ti ń súnmọ́ wa. Òfin iná ti ọdún 2023 gba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti ṣe àkóso iná tirẹ̀. Láti ọdún 2024, NERC ti ń gbé àkóso náà lé àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà á. Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn tẹ̀lé wọn. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Enugu ní ọdún 2025. Àjọ ìpínlẹ̀ wọn tú ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná níbẹ̀ wò, wọ́n sì sọ owó Báńdì A kalẹ̀ láti 209 náírà sí nǹkan bí 160. Àwọn tí ń pèsè iná àti àwọn tí ń pín in yarí, wọ́n ní àwọn yóò pàdánù. Èmi kò ṣe adájọ́ láàárín wọn. Ohun tí mo rí ni pé ìṣirò tí a gbé síwájú wa, ẹlòmíràn lè tú u wò kí ó sì bá iye mìíràn níbẹ̀.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ àsàlátù kọ̀ọ̀kan yan obìnrin méjì tí ó mọ̀wé. Kí wọ́n ra ìwé ìkọ̀wé kan. Lójoojúmọ́, kí wọ́n kọ ọjọ́, aago tí iná dé, àti aago tí ó lọ. Kí olúkúlùkù ìyá tọ́jú rìsíìtì rẹ̀ àti iye yúnìtì tí ó rà. Ẹ béèrè Báńdì tí àdúgbò yín wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Bí wákàtí kò bá pé, ẹ kọ ìwé sí wọn, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín, ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ alábòójútó. Nígbà tí wọ́n bá sì kéde pé àwọn fẹ́ kí owó lé, kí ẹ gbé ìwé yẹn lọ sí ìpàdé. Ènìyàn tí ó sọ pé “ara ń ni wá,” wọn óò kẹ́dùn pẹ̀lú rẹ̀, wọn óò sì kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní, “Ìwé oṣù mẹ́ta nìyí, wákàtí 11 ni a rí, 20 ni a san owó rẹ̀,” wọn kò lè kọjá lára rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ó sì korò díẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó bá fa wáyà kọjá lẹ́yìn mítà, tí ó ń lo iná ọ̀fẹ́, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ nìkan ni ó ń jà lólè. Apá kan òfò rẹ̀ yóò dé orí opó tí ó wà ní ilé kejì, tí ń ra yúnìtì 1,000 náírà lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá fẹ́ bi oníṣòwò léèrè òṣùwọ̀n, ẹ jẹ́ kí òṣùwọ̀n tiwa náà pé.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí sí ara yín létí ní ìpàdé àsàlátù ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀, kí ẹ sì ra ìwé ìkọ̀wé náà kí ẹ tó túká. Kí Ọlọ́run Ọba bá wa bùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.