Ìwé Yorùbá Kì í Ṣe Ti Ìdánwò Nìkan

Ní ọdún 1929, nígbà tí ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde bí lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, àwọn òǹkàwé kan gbà pé ènìyàn gidi ni, wọ́n sì ń kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé olóòtú náà, I. B. Thomas, ni ó hun ìtàn náà. Kò sí olùkọ́ tí ó fi í lé wọn lọ́wọ́ tipátipá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdánwò kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Lónìí ńkọ́? Ohun tí òǹtẹ̀wé kọ́kọ́ ń bi òǹkọ̀wé Yorùbá ni pé, ǹjẹ́ ilé ìwé yóò lò ó? A kò lè dá a lẹ́bi jù, nítorí bébà ti wọ́n, ilé ìwé nìkan sì ni ọjà tí ó dájú. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó bá fẹ̀yìn ti ìdánwò, ọjọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò nínú àwọn ìwé àkàṣèdánwò ni ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà èdè ti ọdún 2022, èyí tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ ní èdè abínibí ló ń mú kí àwọn ọmọ fìdí rẹmi. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ rántí Ilé-Ifẹ̀. Níbẹ̀, láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Àṣírí rẹ̀ kò jìnnà: wọ́n kọ ìwé fún wọn, wọ́n sì kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọn yóò ṣe lò ó. Ìwé wọ̀nyí gan-an ni ìlànà ọdún 2022 kò ní. Ṣé èdè ni kí a wá jẹ níyà?

Ohun kan wà tí kò dúró de ìjọba rárá. Nígbà kan rí, ẹnìkan a máa ka Fágúnwà sókè, agbo ilé a máa gbọ́. Ìyá tí kò mọ̀wé náà a rẹ́rìn-ín, a sì bèèrè ohun tí ó kàn. Àlọ́ ni wọ́n sọ ìwé dà. Àwọn àgbà tí wọ́n gbọ́ ọ báyìí ṣì wà láàyè, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ẹ̀dà àtijọ́ nínú àpótí, èyí tí a tẹ̀ ṣáájú àtúnṣe àkọtọ́ ọdún 1974. Bí ọmọ ilé ìwé bá ṣí i, tí ó rí “aiye” àti “enia”, yóò rò pé àṣìṣe òǹtẹ̀wé ni. Bàbá àgbà tí ó jókòó tì í ni yóò sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ọ́, yóò sì gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó kà á sí i létí.