Ta Ni Ó Ni Ìtàn? Ìwòye Lórí Fíìmù Radha Blank

Láti ọjọ́ pípẹ́ ni fíìmù àwàdà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń fi ìdààmú ọkàn àwọn tí wọ́n ń wọ ogójì ọdún pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ọkùnrin aláwọ̀ funfun tí ó rí jẹ, tí ó rí mu, ni ó sábà máa ń jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn. Nínú City Slickers (1991), ará New York kan tí ayé sú lọ da màlúù kí ara rẹ̀ lè yá. Aláwọ̀ dúdú méjì wà nínú àwọn tí wọ́n jọ lọ, bàbá àti ọmọ, oníṣègùn eyín ni àwọn méjèèjì. Wọ́n dá ẹ̀fẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò dúró gbọ́ ìdààmú tiwọn.

The Forty-Year-Old Version (2020) ni ó gba ọ̀nà mìíràn. Radha Blank ni ó kọ ọ́, òun ni ó darí rẹ̀, òun náà ni ó ṣe olú ẹ̀dá ìtàn, tí ó sì ń jẹ́ Radha níbẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn olùdarí ní àjọ̀dún Sundance ọdún 2020. Òǹkọ̀wé eré-onítàn ni Radha inú fíìmù, ará New York. Kí ó tó pé ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń yìn ín. Nísinsìnyí ogójì ti kan ilẹ̀kùn, ìyá rẹ̀ ti kú, kò sì sí ẹni tí ó ń gbé eré rẹ̀ sórí ìtàgé. Ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní eré ṣíṣe kí ó lè rí oúnjẹ jẹ, àwọn ọmọ náà kò sì fi ọ̀rọ̀ bò fún un.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ sú u ni ó bẹ̀rẹ̀ orin ráàpù. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yìí gan-an ni Radha gbé dé iwájú màíkì: egungun tí ń dun ni, oorun àìtó ọjọ́, ara tí kò gbọ́ràn mọ́. Ẹ̀rín rẹ̀ kò ti inú yẹ̀yẹ́ obìnrin wá. Ẹni tí ó ni ara ni ó ń sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ eré-onítàn rẹ̀ ni ó yẹ kí olùkọ́ lítíréṣọ̀ dúró lé lórí. Harlem Ave ni àkọlé eré náà. Ó dá lórí tọkọtaya aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ní ilé ìtajà ní Harlem, níbi tí àwọn olówó ti ń wọlé, tí owó ilé sì ń lé àwọn onílé àtijọ́ jáde. Whitman, agbátẹrù eré tí ó jẹ́ òyìnbó, kò rí adùn níbẹ̀. Ó ní kí ó kọ eré olórin nípa Harriet Tubman. Radha sì fún un lọ́rùn níbi àríyá. Nígbà tí ebi orúkọ mú un tí ó padà gbà, ẹ̀dá ìtàn aláwọ̀ funfun ti gbọ́dọ̀ wọ inú Harlem Ave.

Ẹni tí ó bá ń ka orí yóò dunnú sí i: òǹkọ̀wé jẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú, dúdú àti funfun sì jọ wà lórí ìtàgé. Kíka orí kì í ṣe ohun àbùkù, nítorí òun ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí a ti sé mọ́ta. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i lórí ìtàgé yẹn ni ìtàn Radha ń parẹ́. Ẹni tí ó ní àṣẹ láti fa ìlà pa gbólóhùn ni ó ni ìtàn.

Fíìmù náà fúnra rẹ̀ kò mọ́ tónítóní. Archie, ọ̀rẹ́ Radha àti aṣojú rẹ̀, jẹ́ ọmọ Kòríà tí ó ń fẹ́ ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Òun náà ti ń dàgbà, òun náà ń wá jíjẹ mímu láàárín àwọn bíi Whitman, ṣùgbọ́n òjìji Radha ni a ti ń rí i ṣáá. Ohun tí City Slickers fi àwọn oníṣègùn eyín ṣe kò jìnnà sí èyí. (Whitman ní tirẹ̀ rọrùn láti fi ṣẹ̀sín jù, àwọn agbátẹrù gidi máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ jù ú lọ.)

Ìbéèrè ìfìwàwẹ̀dá tí ó wọ́pọ̀ ní kíláàsì ni pé irú ènìyàn wo ni lágbájá. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní eré-onítàn lè fi òmíràn kún un: ìdààmú ta ni ìtàn dúró gbọ́, ta sì ni ó kàn ń kọjá? Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú ìwé tí a yàn fún ìdánwò wọn, kí wọ́n yọ ẹ̀dá ìtàn kan kúrò, kí wọ́n sì wo ohun tí yóò ṣẹ́ kù. Radha ṣe irú rẹ̀ ní alẹ́ tí eré rẹ̀ kọ́kọ́ jáde: ó dìde níwájú àwọn òǹwòran, ó kọ eré tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.