Kẹ́ ẹ Tó Ra Kọ́ìlì Tuntun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkọ̀ tó kú pátápátá ò ní wàhálà tó èyí tó ń kú tó tún ń jí. Èyí tó kú pátá, mẹkáníìkì á bá ibi tó ti bàjẹ́ níbẹ̀. Èyí tó ń kú tó ń jí, ojú ọ̀nà ló ti máa ń ṣe tiẹ̀; tó bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, á sítáàtì bíi pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Lójú tèmi, kì í ṣe gbígbó tí ọkọ̀ gbó ló ń gba owó lọ́wọ́ wa. Ohun tó ń gbà á ni pé owó páàtì la máa ń san, a kì í fẹ́ san owó àyẹ̀wò.

Bùrọ̀dá kan wà ládùúgbò wa ní Alékùwodò, nílùú Òṣogbo, tí wọ́n ń fi Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù kó ẹrù lọ sí Iléṣà. Ẹ mọ ọkọ̀ yẹn, àwọn bàbá wa fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná. Ọkọ̀ Bùrọ̀dá á rìn dáadáa kúrò ní Òṣogbo, kó tó dé Ìbòkun á kú lójijì bíi pé wọ́n pa kíì. Wọ́n á dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n á ta kíì, á sítáàtì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti ra kọ́ìlì, kọ̀ǹdẹ́ńsà àti plọ́ọ̀gì mẹ́rin. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ nǹkan, ọkọ̀ á sítáàtì, inú gbogbo èèyàn á dùn. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó tún kú. Ìyá wọn ti ń sọ pé ọwọ́ ayé ni.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ́ńjìnnì yẹn ná. Fóòtì 12 ni bátìrì ń gbé wá, ìyẹn ò sì lè fò kọjá àlàfo ẹnu plọ́ọ̀gì. Ó lè ní láti tó 20,000 fóòtì kí sípáàkì tó ta dáadáa. Kọ́ìlì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Wáyà méjì ló wé mọ́ irin kan nínú ẹ̀: ọ̀kan nípọn, èkejì tín-ín-rín, ó sì wé ní ìlọ́po bí ọgọ́rùn-ún ti àkọ́kọ́. Kọ́ńtáàtì inú dísítíríbútọ̀ á jẹ́ kí iná gba inú wáyà tó nípọn, á tún já a. Ìgbà tó bá já a gan-an ni agbára òòfà inú kọ́ìlì á ṣubú lójijì, tí iná ńlá á jáde lára wáyà tín-ín-rín. Michael Faraday ló ṣàwárí òfin yìí lọ́dún 1831. Charles Kettering, ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di nǹkan tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1910. Tí ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà mẹ́rin bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 100 ni kọ́ńtáàtì ń ṣí tó ń padé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Ooru ni kókó ọ̀rọ̀ yìí. Tí wáyà bàbà bá gbóná láti díígírì 25 dé 90, bó ṣe ń dí iná lọ́wọ́ á fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lé sí i. Wáyà tó ti já díẹ̀ nínú rọ́bà ẹ̀ lè ṣí lẹ́nu tó bá gbóná, kó tún kanra tó bá tutù, ojú ò sì ní rí i. Ibi tọ́rọ̀ ti dùn nìyí: bí mẹkáníìkì ṣe ń tú kọ́ìlì àtijọ́, tó ń rán ọmọ iṣẹ́ lọ ra tuntun, ẹ́ńjìnnì ń tutù lọ. Tó bá de tuntun mọ́ ọn tán, ọkọ̀ á sítáàtì, gbogbo wa á máa yin kọ́ìlì. Ṣé kọ́ìlì ló jí i ni, àbí ìsinmi? Nǹkan méjì ló yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Tí mo bá gbé irú àbájáde bẹ́ẹ̀ lọ bá sùpáfáísọ̀ mi, wọ́n á dá a padà fún mi. Ẹ da kọ́ìlì àtijọ́ padà síbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Tí ọkọ̀ bá sítáàtì pẹ̀lú òun náà, a ò tíì mọ nǹkan kan nìyẹn.

Rìwáyà àgbà kan ló wá yanjú ẹ̀. Kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ó jókòó, ó ń mu gààrí tiẹ̀. Ó tó wákàtí kan kí ọkọ̀ tó kú. Kó tó ráyè tutù, ó fi ẹnu tẹ́sítà onígílóòbù kan kọ́ìlì níbi tí wáyà dísítíríbútọ̀ ti so mọ́ ọn, ó fi ẹnu kejì kan ara irin ọkọ̀, ó ní kí wọ́n ta kíì. Tí kọ́ńtáàtì bá ń ṣiṣẹ́, gílóòbù gbọ́dọ̀ máa ṣẹ́jú. Tó bá ṣókùnkùn, ó lè jẹ́ pé iná ò dé kọ́ìlì rárá, tàbí kí kọ́ńtáàtì má ṣí, tàbí kí kọ̀ǹdẹ́ńsà ti jó. Tó bá tàn kalẹ̀ láìṣẹ́jú, ọ̀nà tó gba kọ́ńtáàtì lọ sí ara irin ló já. Èyí tàn kalẹ̀. Ó ṣí dísítíríbútọ̀, ó fi ìka mi wáyà kékeré tó lọ sí kọ́ńtáàtì, gílóòbù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Wáyà tí ò gùn tó ìka ọwọ́! Ó ti já nínú rọ́bà ẹ̀, torí ó máa ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí awo inú dísítíríbútọ̀ bá sún.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tó ń kú ló jẹ́ ti iná o. Tó bá kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ kọ́kọ́ fura sí iná. Tó bá ń gbọ̀n, tí agbára ẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀ kó tó kú, ẹ wo ọ̀nà epo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ mú wáyà plọ́ọ̀gì, ẹ má sì dán sípáàkì wò níbi tí epo ti ń jò.

Nígbà tí rìwáyà yẹn wá béèrè owó ẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ pariwo: "Wáyà lásán!" Kò sẹ́ni tó pariwo nígbà tí wọ́n dá owó lé kọ́ìlì. Àwa la kọ́ àwọn mẹkáníìkì níwà yìí. Ẹni tó jókòó ti ọkọ̀ fún wákàtí méjì, a ní kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ta páàtì fún wa, a sanwó lójú ẹsẹ̀. Ní ọsibítù, a máa ń sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó kọ oògùn (ó dáa, àwọn kan ṣì ń ra oògùn ibà láìṣàyẹ̀wò, mo mọ̀ yín). Ẹ béèrè owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀ kí wọ́n tó tú nǹkan kan, kẹ́ ẹ sì san án bó bá tiẹ̀ jẹ́ wáyà lásán ni wọ́n rí. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín: ìgbà tó kú, bó ti ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà, bóyá òjò ń rọ̀ tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kòtò.

Àwọn kan á ní ká lo síkánà. Peugeot 504 ti Bùrọ̀dá ò ní kọ̀ǹpútà tí síkánà máa bá sọ̀rọ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ní in gan-an, nọ́ńbà ló máa gbé jáde, ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ jókòó tì í títí á fi kú.