Ẹ Má Fi Àwòrán Mọ Kọ̀ǹpútà Tí Ara Rẹ̀ Dá

Ẹ̀yin ọmọ Imini, ẹ̀yin tí ẹ ní ìsọ̀ ìtẹ̀wé ní Fìdítì àti Ìlọrà, ẹ̀yin tí ẹ ń lo tòkunbọ̀ tí wọ́n fi Linux sí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀: bí a bá tan kọ̀ǹpútà tí àwòrán mèremère yọ, ara rẹ̀ dá. Bí ọ̀rọ̀ funfun bá ń sáré lójú dúdú, wọ́n á ní fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́, kí a gbé e lọ fún oníṣẹ́. Irọ́ gbáà ni, owó wa ni irọ́ náà sì ń jẹ.

Ẹ wo fóònù ọwọ́ yín. Linux ni Android náà gùn lé. Ta ni kò tíì rí fóònù tó dúró sórí lógò? Á gbé orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é sójú, á kú, á tún gbé e sójú, títí bátìrì á fi tán. Àwòrán wà níbẹ̀, ìlera dà?

Nígbà tí Linus Torvalds gbé Linux jáde ní 1991, ọ̀rọ̀ lásán ló ń fi jí. Ètò tó ń ya àwòrán òde òní ni Plymouth. Fedora 10, ẹ̀yà Linux kan, ló kọ́kọ́ gbé e wá ní November 2008. Ubuntu, ẹ̀yà mìíràn, gbà á wọlé ní April 2010. Plymouth kì í tún nǹkan kan ṣe. Aṣọ ìkélé ni: kò lè sọ bóyá inú ilé mọ́.

Ẹ tẹ Esc nígbà tí àwòrán wà lójú, ẹ ó rí ohun tó bò. “OK” aláwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé iṣẹ́ kan ti gbéra. “FAILED” pupa ní tirẹ̀, iṣẹ́ kan kọ̀, orúkọ iṣẹ́ náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lójijì, tí ẹ wá tún ẹ̀rọ tàn, ẹ lè rí “recovering journal”: kọ̀ǹpútà ń tún àkọsílẹ̀ dísìkì ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ mú sùúrù, ẹ má pa á. Ṣùgbọ́n bí “I/O error” àti “sda” bá ń jáde léraléra, dísìkì ń kú lọ, tàbí wáyà rẹ̀ ti mì. Ẹ kó fáìlì yín síbòmíràn lọ́jọ́ náà gan-an. Oníṣẹ́ tó bá gbowó láti fi àwòrán bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Wọ́n á ní, “Ọ̀rọ̀ yẹn ń lé oníbàárà sá.” N kò bá àwòrán jà, ó dùn ún wò. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ lórí Ubuntu kò nílò oníṣẹ́. Kó lo sudo nano nínú terminal láti ṣí /etc/default/grub, kó wá ìlà GRUB_CMDLINE_LINUX_DEFAULT, kó kọ quiet splash sínú àmì àyọlò tó tẹ̀lé e, kó fi pamọ́, kó wá tẹ sudo update-grub. Quiet ló ń pa Linux lẹ́nu mọ́, splash ló ń pe àwòrán. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ padà, kó yọ méjèèjì kúrò, kó tún tẹ àṣẹ kan náà.

Wọ́n á tún ní àwòrán ń mú kó yára. Ẹ tẹ systemd-analyze, á sọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tí títàn gbà. Ẹ yọ splash, ẹ tẹ sudo update-grub, ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tún un tàn, ẹ tún tẹ systemd-analyze, ẹ fi méjèèjì wéra. Ẹ wá tẹ systemd-analyze blame, á ka orúkọ àwọn tó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ kí tòkunbọ̀ rẹ̀ yára ní tòótọ́, kó pààrọ̀ hard disk àtijọ́ sí SSD.

Nítorí náà, bí oníṣẹ́ bá ní kọ̀ǹpútà yín bàjẹ́ nítorí pé ó ń kọ̀wé, ẹ ní kó ka ohun tó kọ fún yín. Bí kò bá lè kà á, ẹ gbé ẹ̀rọ yín, ẹ máa lọ.