Ọtí Inú Ọ̀rá: Ṣé Ìtòkú Máa Dúró De Ìjọba Ni?

Láti ọdún 2018 ni àwọn iléeṣẹ́ ọtí ti bá NAFDAC ṣàdéhùn pé, tó bá fi máa di òpin oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn ò ní ṣe ọtí inú ọ̀rá mọ́. Nígbà tí àsìkò tó, tí NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í mú àṣẹ náà ṣẹ, àwọn iléeṣẹ́ fárígá. Wọ́n ní iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin dá sí i, ni wọ́n bá sún gbèdéke di ìparí ọdún 2025.

Ìtòkú ò lè jókòó máa ka oṣù. Ọjà àdìrẹ ló sọ àdúgbò náà di ìlúmọ̀ọ́ká l'Abẹ́òkúta, ibi tí ọjà bá sì wà, ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ àti èyí tó ń kẹ́rù kò ní ṣàì sí níbẹ̀. Ọtí ọ̀rá ò wọ́n, ó ṣeé fi sápò, òbí ò sì ní tètè rí i.

NDLEA ò lè dúró sí gbogbo kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá aláàdìrẹ mọ ẹni tó ń ta paraga nítòsí rẹ̀, ó sì mọ ọmọ ẹni tó ń rà á. Ohun tí ọlọ́pàá máa fi oṣù mẹ́ta wá kiri, ó ti wà lẹ́nu ọjà. Ìyálọ́jà, àwọn olóyè àti àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ lè jọ fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ta ọtí fọ́mọ iṣẹ́. Ibi tó le ni pé ẹni tó ń ta paraga náà ń bọ́ ọmọ. Tí wọ́n bá lé e láìsí ohun mìíràn tó lè tà, òpópónà kejì ló máa lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kọjá ọtí. Ìwádìí tí àjọ UNODC àti iléeṣẹ́ oníṣirò ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 2019 fi hàn pé èèyàn mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà, ìyẹn ẹnì kan nínú méje lára àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64. Wọn ò tíì ka ọtí àti tábà mọ́ ọn o.

Àwọn tó ti bára wọn nínú rẹ̀ ńkọ́? Ilé ìwòsàn Aro wà l'Abẹ́òkúta níbí, wọ́n sì ń tọ́jú ẹni tí oògùn olóró ti di bárakú fún. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ní kí òbí gbọ́mọ lọ sí Aro, bí ẹni pé wọ́n bú u ni. Bẹ́ẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1954 tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ níbẹ̀, àárín àwọn ará abúlé làwọn aláìsàn ń gbé, mọ̀lẹ́bí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú lójoojúmọ́. Ẹnikẹ́ni ò fi wọ́n pamọ́.